Ilé Ẹ̀dọ̀ Là Á Wò Ká Tó Sọ Àìsàn Lórúkọ

Bí funfun ojú ènìyàn bá pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ṣú bí omi tíì tó pẹ́ lórí iná, ará ilé kì í dúró de dókítà kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n, orúkọ dé. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú, ó sì rí nǹkan dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àmì ni orúkọ náà ń pè, kì í ṣe àìsàn. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri lè pọ́n ojú. Fáírọ́ọ̀sì tó gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé lè pọ́n ọn. Òkúta wẹ́wẹ́ tó dí ọ̀nà òróòro lè pọ́n ọn. Ẹ̀jẹ̀ alárùn fòníkú-fọ̀ladìde tó ń fọ́ lè pọ́n ọn. Àgbo tó le ju ara lọ, ọtí tó ti pẹ́ lára, àní ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó, gbogbo wọn ló ní ojú pípọ́n tiwọn. Orúkọ kejì tí a ní, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ilé kan, ikọ́ tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń fi í pè, ní ilé kejì, ẹ̀dọ̀ gan-an ló wà fún.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Obìnrin kan wà tó fi nǹkan bí ọgọ́ta ọdún wo ilé ẹ̀dọ̀. Sheila Sherlock ni orúkọ rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ tọ̀ nínú àgbéyẹ̀wò yìí láti dáhùn ìbéèrè kan: báwo ni àìsàn ẹ̀dọ̀ ṣe bọ́ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ tirẹ̀, kí sì ni orúkọ náà ṣe fún aláìsàn?

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí

Kí a má rò pé àwa nìkan ni ojú pípọ́n ń tàn jẹ. Ní Yúróòpù, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí wọ àwọn ọdún 1930, àlàyé tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀lé ni ti Rudolf Virchow, ọ̀gá nínú àwọn tó ń yẹ òkú wò ní Jámánì. Ó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń dí ẹnu ọ̀nà tí òróòro ń gbà bọ́ sínú ìfun, tí òróòro fi ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, tí ojú fi ń pọ́n. Ní ojú tiwọn, ẹ̀dọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀; ọ̀nà ló dí. Ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe náà pẹ́ ni pé ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀ kì í sábà kú, nítorí náà òkú tí wọn yóò là wò kò pọ̀. Èyí tó bá sì kú, ẹ̀dọ̀ a ti rà kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ kì í sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn baba wa tó ń kun ẹran mọ̀ pé àpò òróòro há sábẹ́ ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ sì ni a ti mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń pẹ̀tù sí ẹni tí inú ń bí, pé kó fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Kò sí ẹni tó gba ìmọ̀ràn náà bí ẹ̀dọ̀ alára. Ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù kan ààbọ̀, àárín rẹ̀ kò mọ ìrora, bí apá kan bá sì bàjẹ́, apá tó kù á máa ṣiṣẹ́ èkejì. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá, ogún lè kọjá, kí olówó rẹ̀ tó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀dọ̀, àfi kó wọlé tọ̀ ọ́ lọ nígbà tó ṣì wà láàyè.

Obìnrin tí wọn kò fẹ́ gbà wọlé

Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, ni wọ́n bí Sherlock sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1918, ṣùgbọ́n Kent ní England ló dàgbà sí. Nígbà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó kọ̀wé sí ní England kò gbà á, torí pé obìnrin ni. Ó gba Scotland lọ. Yunifásítì Edinburgh gbà á ní 1936, nígbà tí wọ́n sì jáde ní 1941, òun ló ṣe ipò kìíní láàárín gbogbo wọn, ọkùnrin àti obìnrin.

Ní 1942 ó dé ilé ìwòsàn Hammersmith ní London, lọ́dọ̀ dókítà kan tó ń jẹ́ John McMichael. McMichael ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tó ń ba ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́rù. Ní 1939, àwọn ará Copenhagen méjì, Iversen àti Roholm, ti ṣàlàyé bí a ṣe lè fi abẹ́rẹ́ gígùn gba àárín egungun ìhà wọ inú ẹ̀dọ̀ alààyè. Aláìsàn á mí síta, á sé èémí, abẹ́rẹ́ á wọlé, á sì bu ẹ̀dọ̀ tín-ín-rín bí òwú jáde. Wọn á gé òwú náà pẹlẹbẹ, wọn á pa á láró, wọn á sì fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Bí ọwọ́ bá ṣì, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya sínú ikùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni McMichael fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ di ti ara rẹ̀, ó sì fi ṣe ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní 1945.

Ojú pípọ́n mẹ́ta

Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, ojú pípọ́n sì ń da sójà sílẹ̀ bí ìbọn. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn dókítà kà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń jà bí àjàkálẹ̀ ní ibùdó ogun. Èkejì ni ti àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ arsenic fún àrùn ìbálòpọ̀. Oògùn olóró náà ni gbogbo ènìyàn gbà pé ó ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń tẹ̀lé omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí a bá fà sí ẹlòmíràn lára, ìtàn rẹ̀ sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

Ní 1925, Rockefeller Foundation dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ sí Yaba ní Èkó láti wádìí ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, wọ́n fà á sí ara ọ̀bọ, báyìí ni ọwọ́ sì ṣe tẹ fáírọ́ọ̀sì náà. Asibi yè é. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, kó ibà ọ̀hún, ó sì kú sí Èkó nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D ní 1937, abẹ́rẹ́ tí ayé ṣì ń gbà títí di òní.

Kí abẹ́rẹ́ náà má bàa bàjẹ́, wọ́n ń fi omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lú u nígbà náà. Ní 1942, àwọn sójà Amẹ́ríkà tó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú. Nǹkan bí 50,000 ló dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n padà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó kó àrùn náà á tó 330,000. Abẹ́rẹ́ tó ń lé ibà pọ́njú kan jáde ló gbé ibà pọ́njú mìíràn wọlé, torí pé ohun kan tí kò tíì lórúkọ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn kan fi sílẹ̀.

Ní 1943, Sherlock, McMichael àti Dible tó jẹ́ onímọ̀ nípa yíyẹ ara wò kọ èsì wọn sínú ìwé ìròyìn Lancet. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ bu ẹ̀dọ̀ ojú pípọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Wọn kò rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan. Ẹ̀dọ̀ gan-an ló wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń kú. Mẹ́dọ̀wú ni òótọ́ ọ̀rọ̀, àlàyé Virchow sì wọlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun kejì tí wọ́n rí ló wá ya ènìyàn lẹ́nu: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbejì lábẹ́ awò. Bí arsenic bá jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, kí ló dé tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi jọ ti àjàkálẹ̀? Nígbà tó yá, ó hàn pé kì í ṣe oògùn. Abẹ́rẹ́ tí wọn kò sè dáadáa ni wọ́n ń fi gún aláìsàn kan tẹ̀lé òmíràn, ẹ̀jẹ̀ àná sì ń bá ti òní lọ. Ní 1947, Frederick MacCallum dábàá pé kí a pe èyí tó ń gba oúnjẹ àti omi wọlé ní mẹ́dọ̀wú A, kí a sì pe èyí tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé ní B. Ohun tí a ń pè ní àìsàn kan ti di méjì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú wọn.

Ilé ìdáná ara

Bí Sherlock bá dúró sórí abẹ́rẹ́ nìkan, kì bá jẹ́ nǹkan ju ẹni tó ń wo àwòrán lọ. Ní 1947 ó lọ sí Yale ní Amẹ́ríkà fún ọdún kan láti kọ́ nípa bí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn ṣe ń lo ṣúgà. Ọ̀nà yìí, ará Faransé kan ló là á. Ní 1848, Claude Bernard bọ́ ajá pẹ̀lú ẹran nìkan, kò fún un ní ohun dídùn kankan, síbẹ̀ ó rí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni nígbà náà ni pé ewéko nìkan ló lè ṣe ṣúgà, ẹranko kàn ń jẹ ẹ́ tán ni. Bernard fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ń sè é fúnra rẹ̀. Ní 1857 ó yọ ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń tọ́jú ṣúgà pa mọ́ jáde, ó sì pè é ní glycogen.

Ìyá tó mọ ilé tọ́jú kì í se gbogbo ìṣu lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ rí. Bí a bá jẹun tán, á gba ṣúgà tó ṣẹ́kù wọ àká. Bí a bá sùn mọ́jú láìjẹun, á máa bù ú fún ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń ṣe òróòro tó ń fọ́ ọ̀rá. Òun ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Gbogbo ohun tó bá gba ìfun wọlé, oúnjẹ, oògùn, àgbo, ọtí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yà.

Ẹ̀kọ́ yìí ni Sherlock fi tú ọ̀kan nínú ohun tó ń dẹ́rù bani jù nínú àìsàn ẹ̀dọ̀. Àwọn aláìsàn kan wà tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, tó ti kún fún àpá, tí iyè wọn á dédé yí. Wọ́n á máa sùn lọ́sàn-án, wọn kò ní sùn lóru. Wọ́n á gbàgbé orúkọ ọmọ. Bí wọ́n bá na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ á máa já wálẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tí àárẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ ládùúgbò wa ni, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn ayé nìyẹn, owó oògùn á sì di owó ètùtù. Ní 1954, Sherlock àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ọ́ pé láti inú ìfun ni wàhálà náà ti ń wá. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá le, ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, kò ní gba ọ̀dọ̀ asọ́bodè mọ́, ìdọ̀tí tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ sẹ́ á sì gòkè lọ bá ọpọlọ. Wọ́n dín ẹran àti ẹyin tí aláìsàn ń jẹ kù, wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò inú ìfun, orí àwọn kan sì padà pé.

Ìdí àìsàn náà tí wọ́n sọ dúró. Oúnjẹ tí wọ́n dín kù ni kò dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn dókítà ń fi ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà du aláìsàn ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń gbẹ lórí ibùsùn. Lónìí, ìmọ̀ràn ti yí padà: ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le nílò irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí ara rẹ̀ yá lọ, torí pé ẹran ara tirẹ̀ ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti kó ìdọ̀tí náà kúrò. Orúkọ àìsàn tọ̀nà, ìtọ́jú rẹ̀ ṣì gba àtúnṣe.

Lórí òrùlé ní Gray's Inn Road

Ní 1955 ni ìwé rẹ̀ lórí àìsàn ẹ̀dọ̀ àti òróòro jáde, ìwé tí wọ́n ń tún tẹ̀ títí ó fi kú. Ní 1959, ilé ìwòsàn Royal Free ní London fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ náà ló yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀, torí pé òun ni ilé ìwòsàn London tó kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, láti 1877. Àyè tí wọ́n fún un kò bá oyè náà dọ́gba: ilé pákó kan lórí òrùlé ilé ìwòsàn ní Gray's Inn Road. Orí òrùlé yẹn ni àwọn dókítà ti ń wá láti ìhà gbogbo láyé láti wá kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ń padà lọ dá ẹ̀ka ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ ní ìlú wọn. Kó tó dìgbà tirẹ̀, dókítà inú ló ń wo ẹ̀dọ̀ mọ́ ikùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ní dókítà tirẹ̀.

Iṣẹ́ méjì níbẹ̀ tó láti fi wọn ìyókù. Àwọn obìnrin kan, pàápàá àwọn tó ti ń kúrò lọ́dọ̀ọ́, máa ń wá pẹ̀lú ara yíyún tí kò lópin, ojú á wá pọ́n lẹ́yìn náà. Ó jọ pé òkúta dí ọ̀nà òróòro, wọ́n a sì là wọ́n níkùn lásán. Ní 1965, Sherlock pẹ̀lú Deborah Doniach àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí tí kò wọ́pọ̀ lára ẹlòmíràn: ara wọn ló dìde ogun sí ara rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ rọ́pò ọ̀bẹ.

Èkejì ni ti mẹ́dọ̀wú tí kì í lọ, èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń fà. Ní 1971, òun àti àwọn méjì kan jáde pẹ̀lú ìwádìí tí wọ́n ti pín aláìsàn 49 sí ọ̀nà méjì. Nínú àwọn 22 tó ń lo oògùn prednisolone, 3 ló kú. Nínú àwọn 27 tí kò lò ó, 15 ló kú. Bí a bá fún ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B ní oògùn yìí kan náà láìmọ̀, ó lè tú fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ bí ajá tó já okùn. Ojú pípọ́n kan náà ni, oògùn ẹnì kan sì jẹ́ májèlé ẹnì kejì. Ẹni tó bá ń bèèrè ohun tí orúkọ wà fún, ìdáhùn nìyẹn.

Ohun tí abẹ́rẹ́ kò lè rí

Abẹ́rẹ́ ń fi ilé tó jó hàn wá. Kò lè sọ ẹni tó ṣáná sí i. Ẹni tó rí ẹni náà kò tilẹ̀ jẹ́ dókítà ẹ̀dọ̀. Ará Amẹ́ríkà ni Baruch Blumberg, ohun tó ń wá kiri ni ìyàtọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà ènìyàn lóríṣiríṣi. Nàìjíríà wà lára ibi tó kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀, ní 1957. Ní 1963, nínú àká ẹ̀jẹ̀ tó ti kó jọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ kan ní Australia bá ti aláìsàn kan tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà ní New York fà á. Ó kọ́kọ́ rò pé àbímọ́ni ni. Ní 1967 ó dá a lójú pé mẹ́dọ̀wú B ló bá pàdé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976, abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ fún àrùn náà sì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1981.

Àwọn ìyókù tẹ̀lé e: A ní 1973, D ní 1977, E ní 1983, C ní 1989. Lẹ́tà ni orúkọ wọn, kò sì dùn létí bí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lẹ́tà ń sọ. Mẹ́dọ̀wú A ń gba omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin wọlé, á pọ́n ojú, á sì lọ. Kì í bá ènìyàn gbé. Mẹ́dọ̀wú B ń gba inú ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìgbà ìbímọ wọlé. Ó ní àjẹsára, oògùn rẹ̀ ń mú un jókòó jẹ́ẹ́ ni, kì í sábà lé e lọ pátápátá. Mẹ́dọ̀wú C kò ní àjẹsára rárá, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 2013, oògùn oníhóró lílò fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ti ń wo èyí tó ju 95 nínú 100 sàn. Ẹni tí wọ́n kàn sọ fún pé ó ní ibà pọ́njú, wọn kò tíì sọ nǹkan kan fún un.

Ebi àti àjẹkì

Ní 1980, ìdí abájọ mìíràn yọjú. Jurgen Ludwig àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic kọ nípa aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn dà bí ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í mutí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sanra, àwọn kan ní ìtọ̀ ṣúgà. Ludwig sọ ọ́ gbangba nínú àkọlé iṣẹ́ náà pé àìsàn tí kò tíì lórúkọ ni. Ọ̀nà tí Bernard ti là sílẹ̀ ló wá ṣàlàyé rẹ̀: bí ìsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá rọ́nà ṣiṣẹ́ mọ́, tí oúnjẹ sì ń wọlé láìdáwọ́ dúró, àká á kún, ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá kún ara rẹ̀ títí tí yóò fi wú, tí yóò dá àpá, tí àwọn kan á sì ní jẹjẹrẹ. Nǹkan bí mẹ́ta nínú àgbàlagbà mẹ́wàá láyé ló ní ọ̀rá lẹ́dọ̀ báyìí. Ní 2023, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀dọ̀ fẹnu kò láti yí orúkọ rẹ̀ padà, torí pé èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ń sọ ohun tí kì í ṣe, pé kì í ṣe ti ọtí. Orúkọ tuntun ń sọ ohun tó jẹ́: àìsàn tó ti inú bí ara ṣe ń lo oúnjẹ wá. Àìsàn ara yíyún tí Sherlock tú náà ti yí orúkọ padà ṣáájú rẹ̀, nítorí orúkọ àtijọ́ ń pe gbogbo wọn ní ẹlẹ́dọ̀ líle, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò le rárá.

Àjẹkì nìkan kọ́ ló ń mú ọ̀rá wá. Ọmọ tí ebi ń pa náà ní ọ̀rá lẹ́dọ̀. Nígbà tí dókítà Cicely Williams ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast ní àwọn ọdún 1930, ó rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ẹ̀dọ̀ wọn sì kún fún ọ̀rá nígbà tí wọ́n bá kú. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ nílò èròjà inú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà láti fi di ẹrù ọ̀rá kó tó kó o jáde. Bí kò bá rí i, ẹrù á sùn sílé. Ní 1935, Williams kò wá orúkọ Látìn fún un. Ó mú èyí tí àwọn ìyá ẹ̀yà Ga níbẹ̀ ń pè é: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí oyún àbúrò já lẹ́nu ọmú. Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Orúkọ náà kò dárúkọ irun pípọ́n, kò dárúkọ ẹsẹ̀ wíwú. Ó wọ inú ilé lọ, ó wo ẹni tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá, ó sì mú ìdí àìsàn jáde. Àwọn tí kò ní awò kankan lọ́wọ́ ti wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Èwo?

Sherlock fẹ̀yìn tì ní 1983, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á wọlé ní 2001, ọdún tó kú gan-an, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá. Bí a bá fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ń kógbá wọlé: ẹ̀rọ kan tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le láti orí awọ ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, torí pé òwú kan tí a bù jáde kò lè jẹ́rìí fún gbogbo ẹ̀dọ̀. Àṣà tó fi lélẹ̀ ni kò kógbá wọlé, pé kí dókítà má gba ojú pípọ́n gbọ́ títí yóò fi mọ ẹni tó rán an wá.

Níbi tí a wà, iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2022, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ló ní mẹ́dọ̀wú B tí kò lọ, mílíọ̀nù 50 ní C, méjèèjì sì pa mílíọ̀nù 1.3 lọ́dún yẹn. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 bá B lára nǹkan bí 8 nínú 100 àgbàlagbà. Láti ìgbà ọmọ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbé e kiri láìmọ̀. Oró inú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wádìí láti àwọn ọdún 1960, tún ń bá B dọ́wọ̀ọ́ pọ̀: ẹni tó bá ní méjèèjì, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju kí a kàn ro ewu méjì pọ̀. Àjẹsára B ti wà nínú abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà láti 2004, ohun tó sì dára jù ni kí ọmọ gba àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí a bí i, torí pé ọjọ́ ìbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kó o. Ọmọ tí a bí sílé, tí a gbé dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ti gba orúkọ, kò tíì gba àjẹsára.

N kò ní kí a sọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nù. Àmì rere ni. Òun ló ń sọ fún ìyá pé ilé ń jó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kó jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan ní oníbà pọ́njú lágbo ilé yín lọ́la, kí wọ́n tó gbé ìkòkò àgbo kaná, kí ẹnì kan nínú ilé bèèrè ìbéèrè tí Sherlock bèèrè láti 1942: ibà pọ́njú èwo?